Lẹ́tà Ṣíṣí sí LIRS: Ẹ Bá Àwọn Obìnrin Ọjà Jókòó Kí Ẹ Tó Díwọ̀n Owó Orí Wọn

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Iṣẹ́ àjọ gbígbà ni mo ń ṣe ní Èkó yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń kárí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, aláta, onígàrí àti àwọn tó ń ta òkìrìkà, kí n gba ohun tí wọ́n bá rí dá lọ́wọ́ wọn, kí n fagi sí káàdì wọn, kí n sì kó o fún wọn lópin oṣù. Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìbéèrè kan náà ló ń pàdé mi láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Bàbá Alájọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ṣé gbogbo owó tó bá ti wọ àkáǹtì mi ni wọ́n máa kà sí mi lọ́rùn?" Ẹ̀rù tó wà nínú ohùn wọn ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá. Kí òṣìṣẹ́ yín kankan tó fojú díwọ̀n iye tí obìnrin ọjà kan yóò san, ẹ kọ́kọ́ wá bá wọn jókòó nínú ọjà, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ẹ gbọ́ bí òwò wọn ṣe ń lọ láti ẹnu wọn. Mi ò sọ pé kí wọ́n má san owó orí. Ẹni tó bá rí èrè tó tó gbà ní láti fi díẹ̀ ṣe ìlú, àwọn fúnra wọn kò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ìjọba kan ti ṣe irú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ní Èkó wa yìí rí, nígbà ogun Hitler, láìbi àwọn obìnrin ọjà léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ wúlò fún yín lónìí, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni kò gbọ́ ọ rí.

Ọdún 1940 ni. Ogun ti ń jà láti oṣù kẹsàn-án 1939. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 1940, Faransé ti wó níwájú Jámánì, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Lọ́ńdọ̀nù lóru mọ́jú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá owó kiri gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, lábẹ́ Gómìnà Bernard Bourdillon, owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ni ìjọba gbójú lé jù tẹ́lẹ̀, ogun sì ti da ojú òkun rú. Ọkọ̀ kì í wá déédéé mọ́. Jámánì tó máa ń ra ẹkùrọ́ àti kòkó wa ti di ọ̀tá. Dàhòmì tó múlé tì wá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó gbà láti bá Jámánì ṣe, àwọn èèyàn wa ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ sì bá ara wọn ní òdìkejì ogun lójijì. Ó wá kù sí àpò oníkálukú.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ìjọba ti dán owó orí yìí wò ní 1931, àwọn ará ìlú fàáké kọ́rí, wọ́n sì gbé òfin náà tì. Nígbà tó di 1943, tí ogun ti gba gbogbo ìlú lọ́kàn, òfin kan náà kọjá. Ní Hong Kong, ọdún 1940 ni ìjọba gbé tiwọn jáde fún owó ogun. Wọ́n fẹ́ kí ó bo gbogbo owó tó bá ń wọlé fún èèyàn pátá. Àwọn oníṣòwò ńlá ibẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní àwọn tó ń gbẹnu sọ fún wọn nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, nígbà tí òfin náà sì máa jáde, wọ́n ti gé e kúrú: owó orí wà lórí owó oṣù, ó wà lórí ilé tí wọ́n fi háyà, ó wà lórí èrè òwò, ṣùgbọ́n wọn kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn bí ìjọba ṣe kọ́kọ́ fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí owó àti àga nínú ìgbìmọ̀ ṣe fún àwọn oníṣòwò Hong Kong ni àwọn ẹlẹ́ja Èkó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ gbà.

Àwọn ọkùnrin Èkó ti ń san owó orí ṣáájú ogun. Àwọn obìnrin kì í san án. Ní 1932, nígbà tí àhesọ kan gba ìlú pé ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ obìnrin, àwọn obìnrin ọjà rán aṣojú lọ bá alákòóso Èkó, òyìnbó náà sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, òfin owó orí 1940 dé, ó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san.

Ẹ jẹ́ ká wo £50 yẹn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Obìnrin tó bá ti rí pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀ ti ré kọjá ààlà tí wọ́n fà. Ta ni yóò wá sọ iye tó ń rí? Kò kọ ìwé ìṣirò, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un tí a lè lọ bi léèrè. Pọ́n-ùn kan tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà lè jẹ́ ti ẹni tó gbé ẹja fún un láwìn, ti ọlọ́kọ̀ ojú omi, ti alábàárù, kí ó tó kan tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì tó ń wò ó láti ojú fèrèsé, pọ́n-ùn yẹn ló máa rí. Kò ní rí àwọn tó ń dúró dè é lálẹ́.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí i títí dòní. Obìnrin kan wà lára àwọn oníbàárà mi tó ń ta ẹja gbígbẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń fa àpò tòbí rẹ̀ síwájú, á tú owó sórí itan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Èyí tó nípọn jù, tó fi rọ́bà dè lọ́tọ̀, ti ẹni tó kó ẹja fún un láti òkè Ọya ni; kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án. Ó yọ ti mọ́tò. Ó yọ ti àwọn ọmọ tó ru páálí. Ó yọ ti ìsọ̀, ti tíkẹ́ẹ̀tì, ti ọ̀rá, ti ẹja tí kòkòrò ti wọ̀ tó ní láti tà lọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wo èyí tó kù, á pín in sí méjì, á fi ìdajì ra ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ lálẹ́, á sì pè mí pé, "Bàbá Alájọ, ẹ gba tiyín." Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní pè mí rárá. Bí ẹnìkan bá wo àkáǹtì rẹ̀ nìkan, tó rí gbogbo tíránsífà tó wọlé láàárín oṣù, olówó ńlá ni á pè é. Bí ó bá wo káàdì àjọ rẹ̀, á rí i pé ìyá kan tó ń gbìyànjú ni.

Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni òfin 1940 kàn. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ọmọ ẹlẹ́ja. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀wé kà, àmọ́ kò sí ọjà kan ní Èkó tí wọn kì í gbọ́ tirẹ̀, torí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun àti ìjọba máa fojú kojú. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé, ó kọ̀, wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn obìnrin mélòó kan, ariwo àwọn tó kù níta ló sì mú kí wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1940, ni àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún kóra jọ síwájú ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà tó ń ṣàkóso Èkó. Kérésìmesì kù díẹ̀, Iléyá sì ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ẹni tó bá mọ ọjà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ dání, ìka ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń ronú nípa ìwé yẹn. Àtàǹpàkò tó ń họ ìpẹ́ ẹja láti ìdájí ni wọ́n nu mọ́ ìró, tí wọ́n tẹ̀ sínú yíǹkì, tí wọ́n sì gbé lé bébà ìjọba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka. Ohun tí wọ́n ń wí kò le: ogun ti ba ọjà jẹ́, àwọn làwọn ń bá ọkọ gbé bùkátà ilé, àwọn làwọn ń sanwó ilé-ìwé ọmọ, kí ìjọba gbé òfin náà kúrò lórí obìnrin.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 18, ìjọba kéde pé òun ti sún ààlà náà sókè. Láti £50, ó di £200. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn obìnrin tó ju 7,000 lọ pé jọ sí gbọ̀ngàn Glover, ní Èkó. Herbert Macaulay náà bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni ọdún 76 ni nígbà yẹn. Wọn kò tíì fara mọ́ £200 pàápàá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí obìnrin má san rárá. Ìyẹn ni wọn kò rí gbà. Àwọn tó ní lọ́wọ́ láàárín wọn san án.

Lójú tèmi, ó tọ́ kí ẹni tó ní £200 lọ́dún lásìkò yẹn san nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú. Nọ́ńbà tó wà nínú òfin, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba kọ sílẹ̀, fi ìlọ́po mẹ́rin ga sí i láàárín ọjọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fara balẹ̀ ṣírò £50 yẹn, tí wọ́n mọ ohun tí ẹlẹ́ja ń rí àti ohun tó ń ná, wọn kì bá ti fi bẹ́ẹ̀ yára sọ ọ́ nù. Wọ́n kàn fà á yọ ni. Àwọn tí wọn kò mọ̀wé ló wá jẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé rí i pé ìṣirò wọn kò bá ọjà mu. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin yẹn ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ kí òfin tó jáde, ká ní wọ́n bi í.

Kí ló dé tí wọn kò bi wọ́n? Ìdí kan ni pé obìnrin kò ní ohùn níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Láti 1923 ni Èkó ti ń dìbò yan èèyàn mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tó sì ń rí £100 lọ́dún, nìkan ló lè dìbò. Ọkùnrin tó ní £100 lè yan ẹni tí yóò gbèjà àpò rẹ̀. Obìnrin tó ní £200, tó ń san owó orí, kò lè yan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ká Oyinkan Abayomi lára nígbà tí òun àti àwọn obìnrin mìíràn dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1944. Ó mọ̀wé dáadáa, ọmọ gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò Kitoye Ajasa ni, ìgbésí ayé rẹ̀ jìnnà sí ti Pelewura. Síbẹ̀, nígbà tó bá di pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin tí wọn kò sì fún un ní ìbò, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pàdé.

Ìjọba kò sì fi ẹ̀kọ́ 1940 sílò. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó orí rọlẹ̀ tí wọ́n tún gbé òfin iye owó oúnjẹ dé. Òyìnbó kan, Captain Pullen, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Wọ́n fi iye kan lé gàrí lórí tí kò bo ohun tí oníṣòwò ná láti gbé e dé Èkó, gàrí sì di ohun tí à ń tà lábẹ́lẹ̀. Pelewura tún ni wọ́n pàdé lójú ọ̀nà. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ pé kó bá àwọn ṣe é, ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fa títí di 1945 tí ogun parí. Mo gbà pé bí wọ́n bá ti sọ gbígbọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní 1940 di àṣà, tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà kankan, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó kì bá tí jìyà lórí gàrí nínú ogun yẹn.

Ẹ tún wo Abẹ́òkúta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó orí dá ìlú yẹn rú. Lákọ̀ọ́kọ́, ní 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, wọ́n gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì wà lára ohun tó bí ogun Adubi. Àwọn èèyàn hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, ìjọba kó sọ́jà tì wọ́n, ẹ̀mí sì ṣòfò lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn obìnrin ni. Ní Abẹ́òkúta, kò sí ọ̀rọ̀ £50 tàbí £200 fún ọ̀pọ̀ jù wọn. Iye kan náà ni wọ́n là lé gbogbo wọn lórí, olówó àti òtòṣì, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 ti di ẹni tó ń san, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin kò san títí yóò fi pé 16. Ìwọ̀sí tí àwọn agbowó-orí fi kan àwọn ọmọbìnrin nítorí pé wọ́n ń wá ọjọ́ orí wọn, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Nígbà tí Funmilayo Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin wọ̀nyẹn jáde láti 1947, wọn kò padà sílé títí Aláké Ademola II fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní 1949. Ní Èkó, ìjọba gbọ́ láàárín ọjọ́ méjì, òwò ń lọ. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n dití, ọba sì fi ààfin sílẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, ẹ̀yin ọ̀gá wa.

Òfin tí ẹ fẹ́ lò yìí ní àánú nínú ju ti 1940 lọ, mo sì ń sọ fún àwọn oníbàárà mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó tí òfin lè bù lé kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí rárá. Èrè ni òfin ní kí ẹ wò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ èèyàn kọjá. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin tún gbà pé níbi tí kò bá ti sí ìwé ìṣirò, kí ẹ fojú díwọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù mi wà, nítorí pé kò sí ìwé ìṣirò ní ìsọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń gba àjọ wọn. Ojú ta ni yóò díwọ̀n? Ojú ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lánàá, tó gun ọ̀kadà wọ ọjà láago mọ́kànlá, tó rí agbọ̀n tòmátò mẹ́wàá níwájú ìyá kan, tí kò mọ̀ pé mẹ́ta nínú rẹ̀ ti rà, pé márùn-ún jẹ́ ti Mùsá tó wá láti Kánò tó ń dúró de owó rẹ̀ kó lè padà sílé? ₦800,000 lè gba ọwọ́ alátòmátò kọjá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó kù fún un nínú rẹ̀ lè má ra àpò ìrẹsì kan.

Nítorí náà, ẹ wá kí ẹ tó díwọ̀n. Ẹ wá sí ọjà kọ̀ọ̀kan, torí òwò ẹja kò rí bí òwò aṣọ, ti aláta kò sì rí bí ti onígàrí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ja sọ iye tó ń bàjẹ́, kí àwọn onígàrí sọ iye tí mọ́tò ń gbà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì wà nínú ohun tí òṣìṣẹ́ yín yóò máa tẹ̀lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrè obìnrin tí kì í kọ̀wé, káàdì àjọ rẹ̀ súnmọ́ òtítọ́ ju àlẹ́ẹ̀tì báńkì lọ. Mo sọ èyí tọkàntọkàn, ọ̀pọ̀ àwọn alájọ ẹlẹgbẹ́ mi sì máa gbà láti ṣàlàyé bí a ṣe ń kà á, bí oníkáàdì bá ti yọ̀ǹda.

Ẹ kọ òfin náà ní Yorùbá. Kì í ṣe orúkọ òfin nìkan lórí pátákó. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ èrè, ohun tí èèyàn lè yọ kúrò kó tó ka èrè, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, àti ibi tó lè gbé ẹ̀sùn lọ bí wọ́n bá díwọ̀n rẹ̀ jù. Kí ó jẹ́ ìwé pélébé kan tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà fún ìyá rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti sọ fún mi pé àwọn ti padà sí gbígba owó lọ́wọ́, àwọn kò fẹ́ tíránsífà mọ́, kí ìjọba má bàa kà á. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn, torí olè wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sá fún kò sí nínú òfin. Àìgbọ́ àlàyé ló fà á.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ pè sí ọ́fíìsì, tí ẹ bá ya fọ́tò, tí ẹ sì wá kéde pé ọjà ti fọwọ́ sí i. Agbára Pelewura kò wá láti inú oyè rẹ̀. Ó wá láti inú 7,000 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Glover, tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn tí wọ́n sì lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ọjà kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fọkàn tán, kí àwọn wọ̀nyí sì jókòó níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ẹ̀sùn ẹni tí wọ́n díwọ̀n rẹ̀ jù. Ẹni tó ti ta ẹja fún ogún ọdún máa mọ̀ bí ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń purọ́ fún yín, á sì mọ̀ bí òṣìṣẹ́ yín bá ń rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà wà ńbẹ̀, n kò sì ní fà á gùn. Oríṣiríṣi èèyàn ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lé àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ́wọ́ láràárọ̀, wọn kò mọ èyí tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba àti èyí tí kò dé. Bí ẹ bá gba owó orí lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní rìsíìtì tó ní orúkọ wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn ní gbangba èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ san mọ́ nínú àwọn yòókù.

Àwọn kan nínú yín lè ní iṣẹ́ pọ̀, ọjà pọ̀ ní Èkó, àkókò kò sí. Ìjọba 1940 ń jagun lọ́wọ́. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ogun lọ́wọ́ ará ìlú. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n rí àyè tún nọ́ńbà kan ṣe nítorí pé àwọn ẹlẹ́ja dúró síwájú ọ́fíìsì wọn. Àwa kò jagun. Àwọn obìnrin ọjà wa ní ìbò báyìí, wọ́n sì ń dì í. Ẹ kò ní láti dúró di ìgbà tí wọ́n bá wá bá yín.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọjà wa kì í ṣí títí wọ́n fi parí ìmọ́tótó ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo ọlọ́jà ló máa ń wà nílẹ̀ lásìkò yẹn, ọwọ́ wọn á ti dilẹ̀ díẹ̀, oníbàárà kò sì tíì wọlé. Àkókò tó dára jù nìyẹn fún irú ìjókòó yìí. Bí ẹ bá yan ọjà kan tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lórí rédíò, ní Yorùbá, kí àwọn ẹlẹ́ja tó ń lọ sí etí omi ní ìdájí lè gbọ́ kí wọ́n sì dúró. Èmi àti àwọn alájọ ẹlẹgbẹ́ mi á bá yín kéde rẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alájọ kan ní Èkó